Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bàbá mi lẹ́yìn ìkọlù ọkàn: ẹ bá mi kà á

Ọmọ Wàńdó, Àjàṣẹ́ (ọjọ́ Ajé, alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ó ti kọjá agbára mi.

Bàbá mi, ẹni ọdún 61, ni àyà dédé bẹ̀rẹ̀ sí dùn ní ìdájí ọjọ́ kan, ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì báyìí. Ó ní ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé òun láyà. Òógùn tútù bò ó, ìrora náà gba apá òsì, ó gòkè dé àgbọ̀n. Ìyá wa kọ́kọ́ rò pé oúnjẹ alẹ́ ni kò dà, ó ti ń gbé omi kaná. Àbúrò mi ló kọ̀ jálẹ̀, ó lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò tó ní mọ́tò, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Ìkọlù ọkàn ni, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní infarctus. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀. Ó ti wà nílé báyìí, a dúpẹ́.

Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kó lé wa lọ́wọ́ ló wá ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Èkó ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tó fi pe ìyá wa, ó ń pariwo pé súgà bàbá ti lọ sílẹ̀ jù, pé 1.62 ni, kí wọ́n tètè fún un ní nǹkan dídùn kó má bàa dákú. Kí n tó ti ọjà dé, ìyá wa ti po omi súgà, bàbá ti mu ún tán. Lọ́jọ́ kejì nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wo ìwé náà, ó ní súgà náà ló pọ̀, kì í ṣe pé ó kéré. Ta ni ká gbà gbọ́?

Ohun tí mo rí kọ sílẹ̀ nìyí. Troponin, wọ́n fi bírò pupa yí i ká pé ó ga gan-an. Súgà ọjọ́ tó wọlé, 1.62. HbA1c, 5.9%. LDL, ìyẹn kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù burúkú, 0.98, bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá 1.41 ni. Triglycérides (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀) 1.9. Créatinine (tí wọ́n fi ń wo kíndìnrín) 13. Potassium 4.6. Lórí ìwé écho, ìyẹn àwòrán ọkàn tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà, wọ́n kọ FEVG 42%.

Oògùn márùn-ún ni wọ́n kọ: aspirin, clopidogrel, atorvastatin, bisoprolol àti ramipril. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní níwọ̀n ìgbà tí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ti wálẹ̀ fúnra rẹ̀, kí la tún ń ra atorvastatin sí. Owó sì ń lọ lóòótọ́. Ẹ dá sí i fún mi.

Bàbá Lábò, Àjàṣẹ́

Ẹ kú aájò bàbá, ọmọ mi. Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà tó pé. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi yẹ̀ wò, ẹ jẹ́ kí n tètè pa iná orí òrùlé ná.

Súgà bàbá yín kò lọ sílẹ̀ rárá. Ìwọ̀n ni kò bára mu. Níbí ní Benin, gírámù nínú lítà kan (g/L) la fi ń ka súgà, bí àwọn Faransé ṣe ń kà á. Ní Nàìjíríà, lábò mìíràn ń lo mílímóòlù, òmíràn ń lo mílígírámù nínú dẹ́sílítà. Nítorí náà 1.62 tiwa ni àwọn kan lọ́hùn-ún yóò kọ ní 162, tí àwọn mìíràn yóò kọ ní 9. Ẹni tó bá rí 1.62 tó sì rò pé mílímóòlù ni gbọ́dọ̀ pariwo, torí súgà tó bá wálẹ̀ dé bẹ̀ lè gbé èèyàn lọ. Ẹ má bá ẹ̀gbọ́n yín jà. Ó dà bí ẹni tí wọ́n sọ iye tòǹgólò gàrí kan ní Wàńdó fún, tó wá ń fi kóńgò Mushin ṣírò rẹ̀.

Kí ẹ tó fi ìwé àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí ará Nàìjíríà kankan, ẹ rí i pé ibi tí wọ́n kọ g/L tàbí mg/L sí hàn nínú fọ́tò. Kí ẹni tó ń kà á sì wo ìlà ìwọ̀n tí lábò fúnra rẹ̀ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì. Fún LDL, 1 g/L súnmọ́ 2.6 mílímóòlù. Créatinine 13 tí ẹ rí yẹn, mg/L ni. Lábò tó ń lo mílígírámù nínú dẹ́sílítà ní Èkó, 1.3 ni wọ́n máa kọ.

Ó ku ìbéèrè kan tí mo fẹ́ bi yín: ọjọ́ wo ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi wo LDL? Ẹ wo òkè ìwé, ọjọ́ àti wákàtí máa ń wà níbẹ̀.

Ọmọ Wàńdó, Àjàṣẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ fún ìyá wa, ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Omi súgà yẹn ti ń dun ọkàn rẹ̀ láti àná. Troponin àti súgà, ọjọ́ tó wọlé gan-an ni. LDL, ọjọ́ karùn-ún.

Bàbá Lábò, Àjàṣẹ́

Mo ti fura. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ti ṣìnà, kò sì jẹ̀bi, ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í kà.

Nígbà tí ọkàn bá gba ọgbẹ́, gbogbo ara ló ń gbọ̀n. Láti bí ọjọ́ kejì, LDL máa ń já wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó padà sí ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀. LDL tí a bá fà láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ ṣì lè sọ òótọ́ nípa ẹni náà. Ti ọjọ́ karùn-ún, àìsàn ló fà á wálẹ̀, tí atorvastatin tí wọ́n sì ti ń fún un láti ọjọ́ tó wọlé ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ bá wá dá oògùn náà dúró torí 0.98 yìí, yóò gòkè padà láìsí ẹni tó máa rí i, nítorí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kì í dun èèyàn. 1.41 ti ọdún tó kọjá ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn ará ilé kì í sábà mọ̀. Ọ̀pọ̀ lábò kì í wọn LDL fúnra rẹ̀, wọ́n ń ṣírò rẹ̀ ni, pẹ̀lú ìlànà kan tó ti wà láti ọdún 1972: wọ́n á mú kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù àpapọ̀, wọ́n á yọ HDL (kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù rere) kúrò, wọ́n á tún yọ triglycérides tí wọ́n ti pín sí márùn-ún kúrò. Bí triglycérides bá ti lé ní 4 g/L, ìṣirò náà ti bàjẹ́, ká má gbára lé e. Ti bàbá yín jẹ́ 1.9, ó ga ju 1.5 tí a ń fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ìṣirò ṣì dúró. Sódàbì, ìyẹn ògógóró, àti ọtí mìíràn máa ń gbé triglycérides sókè kíákíá, súgà àti ìyẹ̀fun funfun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ bóyá ó ń mu.

Ní ti troponin tí wọ́n fi bírò pupa yí ká, ẹ má jẹ́ kó máa dẹ́rù bà yín mọ́. Inú ẹran ọkàn ló ń gbé. Ibi tí ẹran ọkàn bá ti kú, ibẹ̀ ló ti ń jò sínú ẹ̀jẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí gòkè ní bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ó sì lè wà lókè fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ló ń rò. A kì í wò ó lóṣooṣù láti mọ̀ bóyá ọkàn ń sàn.

Nọ́ọ̀sì Ṣábẹ

Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn, àbúrò mi. Bàbá Lábò ti ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, kí n fi tèmi kún un láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

Súgà 1.62 ní ọjọ́ tó wọlé kò túmọ̀ sí pé bàbá ní àtọ̀gbẹ. Nígbà tí ìkọlù ọkàn bá dé, ara á tú adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá pàdé ejò lójú ọ̀nà oko, ẹ̀dọ̀ á sì da súgà tó ti kó pamọ́ jáde. Súgà lè ga lọ́jọ́ náà lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe HbA1c fún un. Èyí ń sọ bí súgà ṣe rí láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí ó ń wo súgà tó lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa, sẹ́ẹ̀lì pupa sì ń lo bí ọjọ́ 120 láyé. Láti 6.5% sókè ni a ń pè ní àtọ̀gbẹ. 5.9% wà ní ẹnu ààlà: kò tíì wọ ilé, ṣùgbọ́n ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ tún súgà òwúrọ̀ ṣe, kí bàbá má jẹ nǹkan kan láti alẹ́, nígbà tó bá ti pé oṣù kan àbọ̀ tí ara ti rọ̀. Bó bá jẹ́ 1.26 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì, àtọ̀gbẹ ni.

Ní ti atorvastatin: iṣẹ́ rẹ̀ kọjá kó kàn fa LDL wálẹ̀ dé iye kan. Ó ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti ṣe kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tirẹ̀, ẹ̀dọ̀ á wá máa nawọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, á máa fa LDL wọlé. Ó tún ń mú kí ọ̀rá tó dì mọ́ ara iṣan dúró jẹ́ẹ́, kó má tún bẹ́. Bíbẹ́ ọ̀rá yẹn, tí ẹ̀jẹ̀ fi dì lé e lórí, ló dí iṣan ọkàn bàbá yín ní ìdájí ọjọ́ yẹn. Láti ọdún 2019, ìlànà àwọn dókítà ọkàn ní Yúróòpù ni pé ẹni tó bá ti ní ìkọlù ọkàn, kí LDL rẹ̀ wà lábẹ́ 0.55 g/L, kó sì ti dín ní ìdajì ó kéré tán sí ti ìpìlẹ̀. Láti 1.41, ìdajì jẹ́ nǹkan bí 0.70, ẹ sì tún ní láti sọ̀ kalẹ̀ sí i. Ẹ rí i pé 0.98 ṣì jìnnà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni kí wọ́n tún un wò. Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, dókítà lè fi ezetimibe, oògùn kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù mìíràn, kún un.

Bí owó bá ń dùn yín, ẹ sọ ọ́ ní fámásì pé jẹnẹríìkì lẹ fẹ́. Ẹ sọ fún dókítà náà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tí kò sọ, tó wá ń dá oògùn pín sí méjì láti fi tọ́jú owó, ni mo máa ń sunkún fún.

Ọ̀rọ̀ FEVG 42% ń já àwọn èèyàn láyà láìnídìí. Kò túmọ̀ sí pé ìdá 42 nínú ọkàn ló ṣẹ́kù. Ó ń sọ pé nínú ẹ̀jẹ̀ tó kún yàrá ńlá apá òsì ọkàn, ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún ló fún jáde nígbà tó lù lẹ́ẹ̀kan. Ọkàn tó le koko pàápàá kì í tú gbogbo rẹ̀. Bíi 55 sí 70 ló ń tú. Ohun tó fún mi ní ìrètí fún bàbá yín ni pé kì í ṣe gbogbo ẹran ọkàn tí kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà ló kú. Òmíràn kàn dákú ni. Èyí tó kú di àpá, kò ní padà. Èyí tó dákú lè jí láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún écho ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe kí ẹ tó sọ pé báyìí ni ọkàn rẹ̀ ṣe máa wà.

Ìyá Ìbejì, Kétu

Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì wa. Mo fẹ́ béèrè: ọkọ mi jẹ́ AS, àbúrò rẹ̀ sì ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ṣé HbA1c yìí ń ṣiṣẹ́ fún wọn?

Bàbá Lábò, Àjàṣẹ́

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo wa máa béèrè lẹ béèrè yẹn, ìyá. Ẹni tó jẹ́ SS tàbí SC, ìyẹn ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ kì í pé láyé, ó ń kú kí súgà tó ráyè lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. HbA1c rẹ̀ yóò kéré ju òótọ́ lọ, á máa tàn yín jẹ. Súgà òwúrọ̀ ni kí àbúrò ọkọ yín gbára lé. Ti AS, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní ń kà á bó ṣe yẹ, àmọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀; kí ọkọ yín sọ fún lábò pé AS ni òun, kó sì béèrè bóyá ẹ̀rọ wọn gbà á. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára náà, kó má gba HbA1c gbọ́ fún oṣù mélòó kan.

Ó rán mi létí CRP, tí wọ́n máa ń wò láti mọ̀ bóyá ara ń gbóná nínú. Pálù, ibà tí ẹ̀fọn ń fà, nìkan tó láti gbé e sókè fíofío. Bí ibà bá ń ṣe bàbá lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wò ó, ẹ sọ ọ́, kí ẹ tọ́jú ibà ná.

Ẹni Tó Ṣẹ́kù, Kétu

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mi ò lè dákẹ́. Èmi náà ti gba ìkọlù ọkàn, ó di ọdún kẹrin báyìí. Kí Ọmọ Wàńdó ka èyí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Ọdún àkọ́kọ́, mo lo oògùn bí ẹni ń kírun, n kò fo ọjọ́ kan. LDL mi wálẹ̀ dé 0.58. Inú mi dùn, mo fi ìwé hàn gbogbo ilé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n jẹ́ kí ara sinmi oògùn, pé nǹkan tí mo ń wá ti dé ọwọ́. Mo gbà á gbọ́ torí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ló sọ. Mo fi statin, irú oògùn tí atorvastatin jẹ́, sílẹ̀ fún oṣù márùn-ún. Ara mi kò sọ nǹkan kan fún mi, mò ń sùn, mò ń jẹun, mò ń lọ oko. Nígbà tí mo padà ṣe àyẹ̀wò, 1.52 ni. Kò pẹ́ sí i tí àyà tún fi dùn mí ní ojú ọ̀nà oko, tí mo jókòó sábẹ́ igi tí n kò lè pe ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run ló ní kí ọlọ́kadà kan kọjá.

Oògùn ló fa LDL mi wálẹ̀ sí 0.58 yẹn. Bí o bá yọ òpó, òrùlé ò ní dúró torí pé ó ti dúró lánàá.

Ẹ̀kejì tí mo fẹ́ sọ: orúnkún ń dùn mí, mo ra diclofenac lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á sórí ilẹ̀ nínú ọjà. Ọ̀sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ mi wú bí iṣu, créatinine mi sì gòkè. Dókítà mi bínú, kò fi pamọ́. Ó ní diclofenac àti ibuprofen kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọkàn tó ti fara pa, wọ́n ń dá omi àti iyọ̀ dúró sára, wọ́n sì ń bá ramipril jà lórí kíndìnrín. Ìrora bá bá bàbá, paracetamol ni kó kọ́kọ́ bi dókítà léèrè.

Mo ń rìn lójoojúmọ́ báyìí, láti ilé dé Àkàbà Ìdènà, mo tún padà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nínú àgbàlá.

Ìyá Alátàsí, Àjàṣẹ́

Ẹ kú àfaradà o, ẹ̀yin tó gba ìkọlù yìí tẹ́ ẹ sì dìde. Èmi kì í ṣe dókítà, oúnjẹ ni mò ń tà, ọkọ mi ló ní àìsàn náà. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń se oúnjẹ fún un láìjẹ́ kó máa wo àwo bí ìyà.

Iyọ̀ ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Wọ́n ní kó má kọjá 5 gírámù lójúmọ́, ìyẹn bí ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú, nínú gbogbo ohun tó jẹ. Ìgbà tí mo ka ti máágì mọ́ ọn, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti búrẹ́dì, mo rí i pé a ti kọjá ibẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó tó. Mo wá ń fi irú, ata ilẹ̀, àlùbọ́sà àti ewé efínrín ṣe adùn. Ẹ ṣọ́ra fún iyọ̀ tí wọ́n ń tà pé kò ní sodium. Potassium ló wà nínú púpọ̀ wọn, nọ́ọ̀sì ló kìlọ̀ fún mi pé kò bá ramipril mu.

Epo pupa: wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé kò sí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, igi kì í ṣe kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n bí ìdajì ọ̀rá inú epo pupa ló jẹ́ irú ọ̀rá tó máa ń dì, òun ló ń mú kí ẹ̀dọ̀ fi LDL sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Àdín àti òróró àgbọn tún burú jù ú lọ. N kò lé epo pupa kúrò nílé mi, àwa tí a bí sí ìdí ọ̀pẹ, báwo la ṣe máa ṣe é? Ṣíbí kan ni mo ń fi sí ìkòkò tí mo máa ń da ìgò epo sí tẹ́lẹ̀. Òróró ẹ̀pà ni mo fi ń ṣe ìyókù, n kò sì tún dín nǹkan nínú òróró àná. Wọ́n á jẹ ẹ̀wà, wọ́n á jẹ ẹja tútù láti inú ọ̀sà, wọ́n á jẹ gbọ̀mọ̀. Àkàsà kò kúrò lórí tábìlì, ó kàn kéré sí i.

Ọmọ Eléwé, Ṣábẹ

Ẹ kú àṣálẹ́. Àgbo kan wà tí bàbá bàbá mi ń lò fún àyà dídùn, egbò igi mẹ́ta ni. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Ṣábẹ

Àbúrò mi, mi ò ní tàbùkù sí ohun tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù lórí aláìsàn yìí gan-an. Ó ń mu aspirin àti clopidogrel, méjèèjì ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Egbò mìíràn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mẹ́ta bá pàdé, ikùn lè máa ṣẹ̀jẹ̀ láìhàn. Ó ń lo ramipril, tí a fi gbọ́dọ̀ máa wo créatinine àti potassium rẹ̀. Bí àgbo bá gbé ọ̀kan nínú wọn sókè, dókítà máa rò pé ramipril ló ṣe é, á dín in kù, ọkàn ló máa jìyà rẹ̀. Kí bàbá má mu nǹkan tí dókítà rẹ̀ kò mọ̀, ní ọdún àkọ́kọ́ yìí pàápàá. Aspirin àti clopidogrel pọ̀ máa ń tó oṣù 12. Bó bá ṣe pé wọ́n fi irin kékeré la iṣan rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dá wọn dúró, àní tí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín, láìbi dókítà ọkàn.

Créatinine lè gòkè díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ramipril, a máa ń gba èyí tí kò lé ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Potassium tó bá kọjá 5.5, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà.

Ẹ ra ìwọ̀n ara kan sílé. Kó gùn ún láràárọ̀ lẹ́yìn tó bá tọ̀ tán. Bó bá fi kílò méjì lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ló ń kó jọ, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé. Àwọn dókítà mìíràn á ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò NT-proBNP, èyí tó ń gòkè nígbà tí ọkàn bá ń fẹ̀ tó sì ń rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ orí àti kíndìnrín náà ń gbé e sókè, nítorí náà ti ẹnì kan ni kí ẹ fi wé tirẹ̀ àná, kì í ṣe ti aládùúgbò.

Ìyá Ìbejì, Kétu

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un fún àwọn tó ní ìyá nílé: ti ìyá mi, àyà kò dùn ún rárá. Èémí ló kúrú, èébì ń gbé e, ó rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó gún iyán fún ọgọ́rùn-ún èèyàn. Ọjọ́ kejì ni a tó gbé e lọ. Ẹ má dúró de àyà dídùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn, Àjàṣẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo rí i pé ẹnì kan bi mí ní ìkọ̀kọ̀ bóyá kí bàbá fi gàrí àti iṣu sílẹ̀ pátápátá, kó máa jẹ ọ̀rá nìkan kí kítóònù, ohun tí ẹ̀dọ̀ ń fi ọ̀rá ṣe, lè pọ̀ lẹ́jẹ̀ rẹ̀, torí ó gbọ́ pé kítóònù jẹ́ oúnjẹ ọkàn. Kí n dáhùn níbí kí gbogbo wa lè kà á.

Ọkàn ń lù tó ìgbà 100,000 lójúmọ́, kò ní ọjọ́ ìsinmi. Kì í ṣe igi kan ṣoṣo ló ń fi dáná. Nígbà tí ara dá, ọ̀rá ló ń fún un ní bí ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀, ìyókù ń bọ̀ láti ara súgà, lactate (ohun tí ara ń fi súgà ṣe nígbà tí atẹ́gùn kò bá tó) àti kítóònù. Ọ̀rá nílò atẹ́gùn púpọ̀ kó tó jó. Nígbà tí iṣan bá dí tí atẹ́gùn kò dé, ọkàn á sáré lọ bá súgà, lactate á kó jọ. Lákòókò kan náà, adrenaline ń da ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di kítóònù. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ ìkọlù fi dàrú: súgà ga, ọ̀rá ga, kítóònù ga.

Àwọn olùwádìí ní Netherlands ro pé bóyá oògùn súgà lè ran ọkàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fara pa lọ́wọ́. Wọ́n kó èèyàn 380 jọ tí kò ní àtọ̀gbẹ, wọ́n fún apá kan ní metformin fún oṣù mẹ́rin, apá kejì gba oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Èsì rẹ̀ jáde ní 2014: agbára ọkàn àwọn méjèèjì kò yàtọ̀. Wọ́n padà yẹ kítóònù wò nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn náà, wọ́n rí i pé àwọn tí tiwọn ga ní wákàtí 24 ni ọgbẹ́ ọkàn wọn tóbi jù. Bí mo ṣe yé e sí, kítóònù yẹn ń ké pé ara wà nínú ìyọnu. A kò lè tìtorí pé ẹ̀fin pọ̀ níbi tí iná ti jó, ká wá máa rú ẹ̀fin sí i.

Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó béèrè. Oúnjẹ Ìyá Alátàsí ni mo fara mọ́.

Ọmọ Wàńdó, Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kà á, ó ra atorvastatin lónìí fúnra rẹ̀. Ó ku kan: bàbá fẹ́ gba ààwẹ̀, àwa mùsùlùmí ni wá. Ó ní ìtìjú ni kóun máa jẹun lọ́sàn-án.

Nọ́ọ̀sì Ṣábẹ

Kó má gba ti ọdún yìí, àbúrò mi. Ìkọlù ọkàn rẹ̀ tuntun, oògùn rẹ̀ ní wákàtí, omi tó bá gbẹ lára rẹ̀ á ní kíndìnrín lára. Ẹ bá ààfáà yín sọ ọ́ pẹ̀lú ìwé dókítà lọ́wọ́. Aláìsàn ní àyè nínú ẹ̀sìn, yóò rí ọjọ́ mìíràn san án tàbí kó bọ́ tálákà.

Ọmọ Wàńdó, Àjàṣẹ́ (ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà)

Mo ṣèlérí pé màá padà wá. A ṣe àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ tó kọjá, lábò kan náà, òwúrọ̀, láìjẹun.

LDL 0.67. Dókítà ní ó dára ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi tí òun ń lọ, ó fi ezetimibe kún un. Súgà òwúrọ̀ 1.04, àtọ̀gbẹ kò tíì wọlé. Triglycérides 1.3, bàbá ti fi sódàbì sílẹ̀, ìyá wa ló gba ìgò náà. Créatinine 14, potassium 4.8. Écho tuntun: FEVG 49%. Mo ka 49 yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ọgbà ilé ìwòsàn kí n tó gbà á gbọ́.

Láràárọ̀ ó ń rìn lọ sí Mọ́sálásí Ńlá, ó ń padà, ìyá wa ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ẹni tí kò tẹ̀lé e. Ìwọ̀n ara wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà.

Mo fi èsì náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ padà ni pé: "Gírámù ni àbí mílímóòlù?"